Fóònù tí kò gbọ́ èdè ìyá wa, olè ló ń ṣílẹ̀kùn fún

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kò sì kan ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìlú ni, ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ iyì ni. Ọ̀rọ̀ pọ́tábù ni.

Kò sẹ́ni tó máa sọ pé fóònù kò ṣe wá lóore. Àgbẹ̀ tó wà ní oko Ṣábẹ lè béèrè iye tí wọ́n ń ra kájú kí ó tó gbé àpò rẹ̀ jáde. Ìyá tó ń tajà ní Kétu lè gbowó lọ́wọ́ oníbàárà tó wà ní Kùtọnu láì wọ mọ́tò. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ta ìpè fún wa ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, MTN, Moov àti Celtiis, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní owó orí fóònù tiwọn. Ìjọba pàápàá ti gbé ọ̀pọ̀ ìwé tí à ń tọrọ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí fóònù náà la sì ti ń sanwó rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè lo fóònù rẹ̀ fúnra rẹ̀ lónìí, ó ti di àlejò nínú ilé baba rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀ owó, èdè wo ni fóònù yìí ń sọ? Faransé ni. Ẹ tẹ ìràwọ̀, ẹ tẹ nọ́mbà, ẹ tẹ díẹ̀sì, ẹ wo ohun tó máa jáde: transfert, retrait, solde, code secret. Mésáàjì tó ń sọ pé owó ti wọlé, Faransé. Èyí tó ń sọ pé owó ti jáde, Faransé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú àwọn àgbàlagbà orílẹ̀-èdè wa, àwọn tí kò mọ ìwé kà ju ìdajì lọ. Wọ́n ta fóònù fún wọn, wọ́n ta krédì fún wọn, wọ́n ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbowó jáde, ṣùgbọ́n wọn ò bá wọn sọ̀rọ̀.

Kí ni ìyá àgbà máa wá ṣe? Yóò na fóònù rẹ̀ sí ọmọ tó jókòó sábẹ́ agboòrùn: «Ọmọ mi, bá mi tẹ̀ ẹ́.» Ọmọ á ní: «Ìyá, kí ni kódù yín?» Ìyá á sì kà á síta, níṣojú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ ohun tí Àkàbà Ìdẹ́nà wà fún. Àwọn baba wa kò kọ́ ẹnubodè yẹn kí wọ́n tó wá fi ìlẹ̀kùn rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́. Kódù àṣírí ni ẹnubodè owó wa lónìí, ojoojúmọ́ sì ni à ń fi í lé àlejò lọ́wọ́, nítorí pé èdè tí wọ́n kọ sára ìlẹ̀kùn náà kì í ṣe tiwa.

Ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń wọlé, àwọn tí àwọn ọmọ wa ń pè ní gáyímáànù. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mésáàjì kan yóò wọlé ní èdè Faransé, tó jọ ti ilé iṣẹ́ gẹ́lẹ́, pé owó ti wọlé sórí fóònù yín. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, ẹnì kan á pè, á máa sunkún: «Bàbá, mo ṣi owó fi ránṣẹ́ sí yín, owó ilé ìwòsàn ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a padà.» Bàbá ò lè ka mésáàjì náà. Kò lè mọ̀ pé nọ́mbà lásán ló fi í ránṣẹ́, kì í ṣe ilé iṣẹ́. Kò lè wo iye tó kù lórí fóònù rẹ̀ kó rí i pé kò sówó kankan tó wọlé. Àánú á ṣe é, á sì fi owó ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí olè. Oore ló rò pé òun ṣe.

Àwọn kan máa ń sọ pé àìmọ̀wé ló fa gbogbo èyí, pé kí àwọn ará oko lọ kọ́ Faransé. Mo ṣiṣẹ́ ọba títí mo fi gba ìsinmi, Faransé ni mo fi kọ gbogbo ìwé tó ti ọwọ́ mi kọjá, n kò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n ìwọ̀sí ni ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ẹni tó fẹ́ ra iṣu bá wá sọ́jà wa, ṣé òun ló máa ń wá èdè tí ìyá oníṣu gbọ́, àbí ìyá oníṣu ló máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó nájà? Ẹni tó ń wá owó wa ló yẹ kó wá èdè wa. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èdè ni ibi tí ògiri ti lanu. Kí a má dá aláǹgbá nìkan lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ògiri.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ojúrere là ń tọrọ. Òfin ìpìlẹ̀ tí a ṣe ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ pé Faransé ni èdè ìjọba, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin kan náà, ní ìlà 11, sọ pé gbogbo ẹ̀yà tó para pọ̀ di Bẹ̀nẹ̀ ló lómìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ, àti pé ó di dandan fún ìjọba láti gbé àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí ẹ̀yà fi ń gbọ́ ara wọn yé lárugẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi òfin dẹ́rù bà wá ń ka ìlà kìíní, wọn kì í ka ìkọkànlá.

Mo mọ èsì tí àwọn ilé iṣẹ́ yóò fọ̀. Wọ́n á ní ẹ̀rọ kò gbà á. Apá kan òótọ́ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí wọ́n má bàa fi èdè àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dà wá lójú rú. Nínú mésáàjì orí fóònù, àwọn lẹ́tà kan wà tí wọ́n ti tò sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. È, é, à àti ò tí Faransé tàbí Ítálì ń lò wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ tiwa kò sí níbẹ̀. Mésáàjì tó yẹ kó gba lẹ́tà 160, tí ẹ bá ti fi ẹyọ ẹ kan ṣoṣo sí i, 70 péré ló máa gbà, owó rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe gé aṣọ náà nìyẹn, wọn ò wọn tiwa.

Ṣùgbọ́n ta ló ní lẹ́tà ni kí wọ́n fi bá wa sọ̀rọ̀? Fóònù ni ẹ jọ̀ọ́! Ohùn ni wọ́n ṣe é fún. Tí a bá pe nọ́mbà kan, tí ohùn kan sọ pé tẹ 1 fún Faransé, tẹ 2 fún Fọ̀n, tẹ 3 fún Yorùbá, tẹ 4 fún Baatonu, tẹ 5 fún Dẹ́ńdì, kò sí àmì kankan tó máa dí i lọ́wọ́. Fóònù alátọ́ọ̀sì tí bàbá wa ń gbé lọ sóko á gbà á, kò nílò àńdíróìdì. Ẹni tí kò mọ ìwé kà mọ nọ́mbà tẹ̀ dáadáa, òun ló fi ń pe àwọn ọmọ rẹ̀. Tí ohùn bá sì sọ fún un ní èdè rẹ̀ pé «o fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ránṣẹ́ sí lágbájá, tẹ 1 tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀,» ọ̀pọ̀ olè ni ebi á pa.

Wọ́n á tún ní: Yorùbá wo? Ti Kétu ni, àbí ti Ṣábẹ, àbí ti Ìdáàṣà? Ẹ̀yin fúnra yín ò tíì fẹnu kò lórí bí ẹ ṣe ń kọ ọ́, àwọn kan ń kọ ẹ, àwọn kan ń kọ ɛ. Ẹ dá wọn lóhùn pé nígbà tí rédíò bá ń ka ìròyìn ní Yorùbá, kò sí ará Pobẹ̀ tó ní òun ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ ɛ àti ẹ náà kì í ṣe àwáwí. Nínú àkójọ èdè tí wọ́n ń pè ní CLDR, tí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù káàkiri ayé ń lò, Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀ ní àyè tirẹ̀, pẹ̀lú ɛ àti ɔ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Yorùbá ti Nàìjíríà ló wà. Láti ọdún 2013 ni Google ti ń túmọ̀ Yorùbá, ó sì ti fi Fọ̀n kún un ní 2024. Àwọn tó wà ní òkè òkun ti mọ̀ wá, àwọn tí à ń fún lówó nílé ló kù.

Ṣé ẹ rò pé ohun tí a kò rí rí là ń béèrè? Ní Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ M-Pesa ní ọdún 2007, oníbàárà lè yan Swahili dípò Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ ibẹ̀ kò tìtorí ìyẹn kógbá wọlé, àwọn èèyàn kàn ń lo owó orí fóònù sí i ni.

Ṣé ẹ sì rò pé wọn ò ní gbọ́? Wọ́n máa ń gbọ́ tí aláṣẹ bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni gbogbo nọ́mbà wa kúrò ní 8 tó di 10, tí 01 wọ iwájú wọn. ARCEP ló pàṣẹ, gbogbo ilé iṣẹ́ sì ṣe é. Wọ́n máa ń gbọ́ pẹ̀lú tí aráàlú bá fohùn ṣọ̀kan. Ní 2018, ìjọba ní ká máa san fàráńkì 5 lórí mégà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo WhatsApp, Facebook àti irú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo, àwọn oníṣòwò pariwo, kí oṣù kẹsàn-án tó parí ìjọba ti fagi lé e. Ariwo àwọn ọ̀dọ́ ló gba megà wọn sílẹ̀. Ta ló máa pariwo fún owó ìyá àgbà?

Mo fẹ́ bá àwa náà wí, nítorí ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ wo ìwé ìpè sí ìpàdé wa: Faransé. Ẹ wo ẹgbẹ́ WhatsApp wa: Faransé. A máa ń wọ agbádá lọ síbi ọdún ìbílẹ̀, a máa ń sọ pé èdè wa ni iyì wa, tí a bá délé a ó fi Faransé ránṣẹ́ sí àbúrò wa. Bẹ́ẹ̀ pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú Gboard lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ lọ síbi èdè, ẹ wá Yorùbá, ẹ fi kún un, ó parí. Tí àwa fúnra wa ò bá fi èdè yìí sórí fóònù, ojú wo la máa fi wo oníṣòwò?

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo ní kí ẹgbẹ́ wa dìde béèrè. Èkíní, kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìpè ní ọ̀nà ohùn fún owó orí fóònù ní Yorùbá àti ní àwọn èdè ńlá yòókù, nítorí àwọn ará wa Fọ̀n, Gùn, Baatonu àti Dẹ́ńdì wà nínú ìyà kan náà, kí a sì jọ pè é ni. Èkejì, kí ohùn náà sọ orúkọ ẹni tó fẹ́ gbowó àti iye owó kí owó tó jáde. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí wọ́n jà lólè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀kẹrin, kí ARCEP sọ ọ́ di dandan, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin ọba wa, iṣẹ́ yín ló ṣáájú. Lẹ́tà tí mo bá fọwọ́ sí lè sùn sínú àpótí. Lẹ́tà tí Alákétu, Onísábẹ àti àwọn ọba yòókù bá jọ fọwọ́ sí, kò sí ọ̀gá ọ́fíìsì tó máa jókòó lé e. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin oníṣẹ́ rédíò, ẹ bá wa fẹnu kò sórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ohùn náà máa lò: kódù àṣírí, owó tó kù, fi owó ránṣẹ́, gba owó jáde. Kí wọ́n má wá sọ pé àwọn ò rí ọ̀rọ̀.

Títí ìgbà náà, kí gbogbo ọmọ tó ń ka ìwé yìí kà á sétí ìyá rẹ̀: kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ń pe èèyàn láti béèrè kódù àṣírí rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, olè ni. Owó tí wọ́n bá ní wọ́n ṣì fi ránṣẹ́, ẹ má dá a padà fúnra yín, kí wọ́n lọ bá ilé iṣẹ́.

Àwọn ìyá wa ló tajà tí wọ́n fi rán wa lọ kọ́ Faransé yìí. Kò yẹ kí Faransé náà di ohun tí wọ́n á fi máa kó wọn lówó lójú wa.