A Kọ́ Ọmọ, A Kò Kọ́ Ilé Iṣẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa ará Èkìtì gbọ́ òwe yìí, a sì kọ́ ọmọ wa. Iṣu àti kòkó ni ọ̀pọ̀ òbí ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó tà kí ọmọ wọn tó dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ilé iṣẹ́ de ọmọ náà?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a kò ní alátìlẹ́yìn. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, Ṣẹ́gun Òní, ọmọ Ìfàkì, ẹnjiníà, ti ṣe gómìnà. Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn, ọ̀mọ̀wé, ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2011 ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé. Ilé ìwòsàn ńlá tí a ti ń kọ́ dókítà wà ní Ìdó. Síbẹ̀, bí àwọn olóṣèlú bá fẹ́ ró ọ̀dọ́ lágbára, alùpùpù àti ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n ń pín. N kò kẹ́gàn ọlọ́kadà. Iṣẹ́ rẹ̀ níyì. Ohun tí mo ń bá jà ni pé kí a máa fi alùpùpù pa ẹni tí ó fi ọdún márùn-ún kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn lẹ́nu mọ́.

Àwọn kan ní ọ̀dọ́ òde òní kò ní sùúrù, pé òkè òkun nìkan ni ó wà lọ́kàn wọn. Irọ́ ni. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ọ̀yẹ́ ṣe ìwọ́de nítorí iná mànàmáná. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀. Ẹni tí kò bìkítà fún ìlú kì í bèèrè iná níbẹ̀.

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ nìkan kò sì tó. Ọ̀dọ́ dókítà tí kò rí ilé gbé, tí kò rí ọ̀gá tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, yóò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ìlú. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yọ nínú owó àjọ̀dún, kí wọ́n fi kọ́ ilé fún irú wọn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ gba àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ní Ìkọ̀lé síṣẹ́, kí wọ́n máa tọ́ àgbẹ̀ sọ́nà. Kí àwọn àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì mú ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ra. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ tí a kọ́ kò ní í ta ilé wa. Yóò kàn fi í sílẹ̀ fún alángbá ni.