Omíkan dára, àmọ́ ta ló ti ka ohun tó wà nínú rẹ̀?

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru ní agbègbè Yewa wa, ní Ìlaro ni o tàbí Ayétòrò, kò ní pẹ́ tí àgbà kan á fi sọ pé: "Ẹ fún un ní omíkan." Àwa ọmọ íntánẹ́ẹ̀tì náà á wá gbè é lẹ́sẹ̀: "Probiotic ni jàre!" Mo fẹ́ràn omi ògì gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò dáadáa.

Ní 1907, Élie Metchnikoff tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris kọ ọ́ pé kòkòrò àìfojúrí inú wàrà kíkan ló ń jẹ́ kí àwọn ará Bulgaria pẹ́ láyé. Lójú tirẹ̀, kòkòrò rere á wọnú, á sì borí kòkòrò burúkú. Ó parí!

Sáyẹ́ǹsì ò dúró síbẹ̀. Ní 2001, àwọn ògbóǹkangí tí FAO àti WHO kó jọ là á mọ́lẹ̀ pé kí nǹkan tó jẹ́ probiotic, kòkòrò inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàyè, kó pọ̀ tó, kó sì ṣe ara láǹfààní. Ògì gbígbóná ti bọ́ síta nìyẹn, torí iná ti pa wọ́n. Omíkan tútù ló ṣì ní alààyè, títí kan Lactobacillus plantarum.

Ẹ̀yà kan lára kòkòrò yìí kan náà ni wọ́n fún àwọn ìkókó ní Odisha, ní Íńdíà. Ìwádìí náà jáde ní 2017, ọmọ tó lé ní 4,500 ló wà nínú rẹ̀, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ àti ikú sì fi ìdá 40 nínú 100 dín kù. Àmọ́ ẹ̀yà kan pàtó ni, wọ́n mọ iye rẹ̀, ó sì mọ́. Ta ló ka ti inú ìkòkò ilé yín? Ní 2018 pàápàá, àwọn olùwádìí ní Ísírẹ́lì rí i pé inú àwọn kan ń gba kòkòrò tí wọ́n gbé mì, inú àwọn mìíràn ń lé e jáde.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ORS àti zinc ló kàn, kì í ṣe omíkan. Omi tó ń tán lára ló ń pa ọmọ, omíkan tí wọ́n sì fi omi ìdọ̀tí ṣe lè dá kún un.

Fẹ́dírà Pólì wà ní Ìlaro, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọ̀gbìn OOU wà ní Ayétòrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé níbẹ̀, ẹ bu omíkan ìyá yín lọ sí láàbù, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa ti ṣe tiwọn. Ó ku tiwa.