Ẹ Fi Èèwọ̀ Sí Àwọn Àjẹ́ Inú Fíìmù Yín Lẹ́nu

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi sọ ohun tó ń dùn mí lọ́kàn. Káfíńtà ni mí láti ìgbà èwe mi. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, oko díẹ̀ ni mo ń dá lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìtàn, mo sì mọ ìtàn tó dúró dáadáa yàtọ̀ sí èyí tó ń mì bí àga tí wọn kò kàn pọ̀ dáadáa.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ìtókò. Ìyá àgbà rẹ̀ ro láfún, ó se ewédú, ó fi ẹja sí i. Ọmọ náà wo abọ́, kò jẹ. A bi í léèrè títí, ó wá ní òun rí i nínú fíìmù pé inú oúnjẹ ni àwọn ìyá àgbà máa ń gbà fi àjẹ́ fún ọmọdé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀. Ó gbé abọ́ náà, ó wọ ilé ìdáná lọ, ibẹ̀ ni mo bá a tó ń sunkún. Obìnrin tó bí ọmọ márùn-ún, tó fi ọwọ́ yẹn bọ́ gbogbo wọn!

Mo ní kí ọmọ náà fi fíìmù ọ̀hún hàn mí, mo sì wò ó dé ìparí. Àwọn àjẹ́ inú rẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹran èèyàn, wọ́n tún ń jẹ ìrẹsì, wọ́n ń mu ẹlẹ́rìndòdò. Kò sí ohun tí wọn kì í jẹ, kò sí ibi tí wọn kò lè wọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí àléébù rẹ̀. Ẹ̀dá ìtàn tí kò ní èèwọ̀, gbogbo èèyàn ló jọ. Bó bá sì ti jọ gbogbo èèyàn, ìyá arúgbó tó sún mọ́ni jù lọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ nàka sí.

Àwọn tó ń pàlọ́ fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ ẹ̀dá ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹ rántí obìnrin tó jẹ́ ẹfọ̀n, tí ọdẹ rí níbi tó ti bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ tó di èèyàn. Ọdẹ gbé awọ náà pamọ́ sínú àká, ó sì fẹ́ ẹ níyàwó. Ó bá wọn jẹ, ó bá wọn mu, ó bímọ. Ohun kan ni èèwọ̀ rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìran ẹranko bú u. Ọjọ́ tí ìyáálé bú u ni ilé dàrú. Àwọn òrìṣà pàápàá ní tiwọn. Ọbàtálá kì í mu ẹmu, nítorí ìtàn ní ẹmu ló mu yó tí ọwọ́ rẹ̀ fi yẹ̀ nígbà tó ń mọ èèyàn. Èṣù kì í fẹ́ rí àdín. Bí ọmọdé bá gbọ́ èyí, á mọ̀ pé bó ti wù kí ẹ̀dá lágbára tó, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ọmọ ìlú wa, Amos Tutuola, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1920, mọ àṣírí yìí dáadáa. Nínú ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1952, ọkùnrin kan wà tí kò lè mu omi lásán mọ́, àfi ẹmu. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko tí igi ọ̀pẹ 560,000 wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń dá ẹmu fún un ń gbé agbè 150 wálé láàárọ̀, ó tún ń gbé 75 wá nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹni náà já bọ́ látorí ọ̀pẹ tó kú, àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀mùtí wa fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, òun náà sì mú ọ̀nà ìlú àwọn òkú pọ̀n láti lọ wá a. Èèwọ̀ omi yẹn ló bí gbogbo ìrìn àjò náà. Ẹ fún ọkùnrin náà ní omi tútù kó mu, ìwé ti parí nìyẹn.

Àwọn òyìnbó náà kò fi èyí ṣeré. Dracula, òkú tí ń mu ẹ̀jẹ̀, tí Bram Stoker kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1897, gbé oúnjẹ fún àlejò ó sì ní òun ti jẹun. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ń sá fún aáyù, kò sì lè wọ ilé onílé àfi bí ẹnì kan nínú ilé bá kọ́kọ́ pè é wọlé. Ẹni tó ka ìwé náà tán mọ̀ pé ìyá òun tó ń bá òun jẹ nínú abọ́ kan náà kì í ṣe Dracula.

Ẹnì kan lè sọ pé àjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tó gbà gbọ́. Fíìmù ni mo ń wí, ẹni tó ṣe é ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ dá ẹ̀dá inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Àwọn kan ti sọ òwe yìí di ìdájọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí pé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa, ní abala 210, ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù kò pọ̀. Kí ẹ tó yà á, ẹ jókòó, ẹ pinnu ohun tí àjẹ́ yín kò lè jẹ àti ibi tí kò lè wọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí a rí i. Ìtàn yín á dùn sí i, àwọn ìyá wa á sì rí ìsinmi. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa bá àwọn ọmọ yín wo ohun tí wọ́n ń wò.

Ní ti ọmọ ọmọ mi, lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sọ ìtàn Dracula fún un. Ìyá àgbà rẹ̀ gbé láfún míì wá, ó jókòó, ó sì bu òkèlè àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó ní, “Bàbá àgbà, ó jẹ ẹ́!” Ló bá fọwọ́ sí i, ó sì jẹ ẹ́ tán. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí pé ìyàwó mi ní láti tọ́ oúnjẹ wò nínú ilé ara rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ́jọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Káfíńtà Àgbà,
Ìtókò, Abẹ́òkúta.