Èébú Orí Pápá Kì Í Sọ Ọmọ Di Akọni

Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́ kọjá ní Inísà, ní Ìkìrun tàbí ní Òkukù ní àkókò eré ìdárayá, ẹ fetí sílẹ̀. Ọmọkùnrin tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá ni wọn a máa pè ní obìnrin. Bí ohùn rẹ̀ bá tún tinrín, wọn a ní ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa fẹ́. Èmi náà ti bá wọn rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ ọmọ di géńdé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èkíní, nítorí kí ara gbogbo ọmọ lè le ni a ṣe ń kọ́ni ní eré ìdárayá. Ọmọ tí a fi ṣe ẹlẹ́yà lónìí yóò sá fún pápá lọ́la. Ta ni a wá kọ́?

Èkejì, kí ni ó burú nínú orúkọ obìnrin? Obìnrin ni àwọn Super Falcons tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní ìgbà kẹwàá ní 2025. Ẹni tí ó bá sì ní àṣà ni òun ń gbèjà, kí ó rántí àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó. Ọkùnrin ni wọ́n, wọn a sì dirun bí obìnrin. Ta ni ó jẹ́ pè wọ́n ní ojo?

Ẹ lè sọ pé òfin Nàìjíríà ti 2014 lòdì sí kí ọkùnrin máa fẹ́ ọkùnrin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin náà kò yan akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní adájọ́ lórí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo Justin Fashanu, agbábọ́ọ̀lù tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní 1981, mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ni Nottingham Forest fi rà á. Ní 1990, ó sọ ní gbangba pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́. Àbúrò rẹ̀ pàápàá kọ̀ ọ́ lójú ayé. Ó kú ní 1998, ní ẹni ọdún 37. Àbúrò náà kábàámọ̀ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹnìkan bá ṣubú lórí pápá, ẹ fà á dìde. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.