Ẹni Tí Ayé Sú Kì í Ṣe Ọ̀daràn

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2023, Ilé Aṣòfin Gánà ní Accra ṣe ohun tó ti yẹ kó wáyé tipẹ́: wọ́n dìbò pé ẹni tó bá gbìdánwò láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn mọ́, aláìsàn tó nílò ìtọ́jú ni. Kó tó di ìgbà náà, òfin 1960 lè rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún ìyà yìí, àwọn fúnra wọn sì ti fagi lé e ní 1961. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwa fi dì í mú lẹ́yìn wọn.

Ní Nàìjíríà, abala 327 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí i. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ: òfin tí wọ́n ṣe ní 2011 ní kí adájọ́ fi ẹni náà ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀nà yẹn ló yẹ kí Abuja náà tọ̀.

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá nìkan kọ́ là ń bẹ̀rù. A bẹ̀rù ẹnu ará ilé. Àwa Yorùbá tí a wà ní Accra New Town, Nima àti Mamobi ṣì ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Láyé àwọn olóógun, ìjòyè tí ìlú kọ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni à ń sọ ọ́ fún lónìí? Ọ̀dọ́ tí gbèsè ká mọ́ ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó fìdí rẹmi, ìyá ìkókó tí oorun ti dá lójú rẹ̀, tí kò sì rí ẹni sọ fún. Gbèsè ṣeé san díẹ̀díẹ̀. Ìdánwò ṣeé tún ṣe. Àìsàn ìyá ìkókó gbóògùn. A ń bẹ ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe pa òwe yìí létí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní 700,000 ènìyàn tó ń kú irú ikú yìí lọ́dọọdún. Wọ́n tún sọ ohun kan tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀: bíbéèrè lọ́wọ́ ènìyàn kì í gbin èrò ikú sí i lọ́kàn. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú àtikú. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má wàásù fún un, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé ohun eléwu kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn tàbí kí ẹ pe 112. Pásítọ̀ àti àfáà lè gbàdúrà, kí wọ́n sì tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní tiwa, ìwé ìròyìn yìí kò ní kọ ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni gbà kú, a kò sì ní gbé àwòrán òkú sójú ewé.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ilé ìwòsàn ọpọlọ mẹ́ta tí ìjọba Gánà ní, èyí tó wà láàárín Accra láti 1906, Pantang àti Ankaful, gúúsù ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó wà ní Bolgatanga tàbí Wa lápá àríwá ńkọ́? Òfin 846 ti 2012 ti ní kí àpò owó àkànṣe wà fún ìlera ọpọlọ. Nígbà tí mínísítà ètò ìṣúná bá tún dúró níwájú Ilé Aṣòfin, kó sọ iye tí yóò wọ inú àpò náà, kó sì sọ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ yóò dé ilé ìwòsàn àgbègbè kọ̀ọ̀kan.