Fífà àti Ìtúnyà: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àwòrán Ojú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀-èdè kan ń lò fún gbígbé ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè tàbí sísàlẹ̀ ni "yíyí". Láti ara ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń ká bí ẹní ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú orúkọ tiwọn, ibẹ̀ ni "yíyí" sì ti wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń yí nínú kọ̀ǹpútà. Èyí tí ó burú jù ni pé ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdí tí ètò kan fi ń yá tí òmíràn sì ń falẹ̀.

Ojú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ ń gba àwòrán tuntun ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ètò bá ń ya gbogbo ojú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà tí òǹkàwé bá fà á díẹ̀, àkókò kò ní í tó. Àwòrán yóò máa dúró, yóò sì tún máa fò. Ahunṣọ òfì kì í tú aṣọ tí ó ti hun kí ó tó máa hun lọ. Èyí tí ó ti parí ni ó ń ká mọ́ igi iwájú rẹ̀, tí òwú tí òkúta fà le lọ́ọ̀ọ́kán fi ń sún mọ́ ọn. Ibi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iwájú rẹ̀ nìkan ni ọ̀kọ̀ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú BitBlt tí Dan Ingalls ṣe ní Xerox PARC ní ọdún 1975: ó ń ṣe àdàkọ apá kan nínú àwòrán láti ibìkan sí ibòmíràn, àlàfo tí ó bá kù nìkan ni ètò yóò wá yà.

"Fífà" ni ó bá èyí mu. Ẹnìkan lè sọ pé a máa ń "fa ìlà" náà, àti pé ìdàrúdàpọ̀ yóò wà. Kò rí bẹ́ẹ̀, bí a bá ti fi "yíyà" sílẹ̀ fún iṣẹ́ àwòrán nìkan.

"Ìtúnyà" ni ó gba àmójútó jù. Nínú AppKit tí Apple ṣe fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, àṣẹ kan wà fún títún gbogbo ojú-àwòrán yà, òmíràn sì wà fún apá onígun-mẹ́rin kan péré. Olùṣètò tí ó dá ojú-àwòrán tirẹ̀, tí ó sì ń lo ti àkọ́kọ́ ní gbogbo ìgbà, ni ètò rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a máa sọ pé apá tí ó yẹ ní títúnyà "dọ̀tí". Bí atúmọ̀-èdè bá gbé ìdọ̀tí wọ inú ìwé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá àkísà tí yóò fi nù ún. "Ibi-ìtúnyà" sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2013, nínú OS X 10.9, Apple mú un wọlé pé kí ẹ̀rọ máa lo àkókò tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ láti ya apá tí kò tí ì hàn sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń lọ ata sílẹ̀ de alẹ́ ni èyí rí: "ìyàsílẹ̀" ni. Àwòrán tí a yà sílẹ̀ a sì máa gba àyè nínú ẹ̀rọ, nítorí náà ìwọ̀nba ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́.