Okun inú la fi ń gbé tìta

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá mú ẹni tuntun wá láti ṣọ́ ẹ̀yìn, gíga rẹ̀ ni àwa ará Okpara máa ń yìn. Ta ló ń béèrè bóyá ara rẹ̀ le?

Ẹ rántí ọjọ́ 5 oṣù Keje, ọdún 2019, ní Íjíbítì. Moïse Adilehou, tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé Mòrókò fún Benin. Nínú àfikún àkókò, wọ́n lé Khaled Adénon jáde. Àwọn mẹ́wàá tó kù fara dà á dópin, a sì borí nínú pẹ̀nárítì. Okun inú ló gbà wá.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ti ọmọ tó ti oko dé, tí ó rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń dùn, wọ pápá. Ìyìn wa kò lè wo ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ sàn.